Nígbà Tí A Ń Wá Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò fún Bùkọ́lá

Yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé-ìwé aládàáni kan ni, ní Bódìjà ní Ìbàdàn, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Obìnrin tó ni ilé-ìwé náà ti gbọ́ pé àwọn ilé-ìwé ńlá ní olùdámọ̀ràn, ìyẹn ẹni tó ń jókòó ti àwọn ọmọ tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ girama, kí ó bá wọn wo iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láyé àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọn yóò lọ. Ó fẹ́ kí tirẹ̀ náà ní ọ̀kan. Èmi ni wọ́n wá mú. Mo ti fi ọdún mélòó kan kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Ẹlẹ́yẹlé, mo sì ti lọ gba ìwé-ẹ̀rí lórí iṣẹ́ ìdámọ̀ràn, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi rí àfi ọkọ mi, òun náà kì í sì í tẹ̀ lé e.

Wọ́n gbá yàrá náà, wọ́n gbé tábìlì kan àti àga mẹ́ta síbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ iṣẹ́ mi sára ilẹ̀kùn. Òórùn rọ́bà kò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Mo wọ aṣọ tó dára, mo jókòó, mo ń retí èrò. Nígbà tó yá, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo tún ìjókòó mi ṣe, mo ní kó wọlé. Ọmọkùnrin kan yọjú, ó kí mi, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n kó bọ́ọ̀lù lọ?" Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè nínú yàrá yẹn, n kò sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà gan-an ni Màmá Akínbọ̀dé. Wọ́n ti ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan tí ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Agbowó ni ilé wọn wà. Bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Wọn á máa ṣa ẹ̀wà, èmi á máa ròyìn àwọn ọmọ tí mo rí láàárín ọ̀sẹ̀. Wọn kì í dá mi lóhùn kíákíá. Wọ́n lè máa ṣa ẹ̀wà lọ títí èmi fúnra mi á fi rí ibi tí mo ti ṣe àṣejù. Ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ ni pé ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ. Wọ́n ní bí mo bá ti gbọ́ tí ohùn mi ń lọ sókè nínú yàrá yẹn, kí n yáa mọ̀ pé èmi ni mo ń yan ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wọn kejì nìyí, mo rántí rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Bí òbí méjì bá wọlé tọ̀ ọ́, ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀, ọ̀kan á dákẹ́. Má gbàgbé èyí tó dákẹ́ o."

Mo gbọ́, mo sì mi orí. Kò tíì yé mi nígbà náà.

Iṣẹ́ wa ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé ńlá kan tí àjọ tó ń ṣe ìdánwò àṣewọlé máa ń tẹ̀ jáde, tó to gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹ̀kọ́ girama tí ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú wọn kí wọ́n tó gbà á. Bíróṣọ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tí àwọn ọmọ máa ń wá nínú rẹ̀ jù lákòókò yẹn ni èyí tí gbogbo wọn ń pè ní bíṣínẹ́ẹ̀sì. Bánkì tuntun ń hù bí olú ní Dùgbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń so táì, wọ́n ń wa mọ́tò, gbogbo òbí sì ń fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà so táì. Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò mú ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí n wo inú ìwé mi, kí n sọ èyí tí owó rẹ̀ yá jù nínú gbogbo bíṣínẹ́ẹ̀sì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ìṣirò owó yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òwò, pé ti ìpolówó ọjà dá dúró, pé ti ilé ìfowópamọ́ náà wà lọ́tọ̀. Bàbá náà fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí, ó wá ní, "Àǹtí, èyí tí ẹ kà kẹ́yìn yẹn ńkọ́, ṣé òun ló yá jù?"

Bùkọ́lá Dáramọ́lá kò béèrè èyí tó yá jù. Kíláàsì àṣekágbá ló wà nígbà tó wá bá mi, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ̀wé dáadáa, tí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti ń fi yangàn. Ó jókòó, ó ní òun fẹ́ kọ́ ìṣàkóso òwò ní yunifásítì, ṣùgbọ́n bàbá òun ti yan iṣẹ́ apoògùn fún òun. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òwò ló wù ú. Ọ̀rọ̀ táì ni mo ń retí. Ó ní ìyá òun ní ilé búrẹ́dì kan lẹ́bàá Ring Road. Nígbà tí òun ṣì kéré, ilé búrẹ́dì mẹ́ta ló wà ní àdúgbò yẹn. Ọ̀kan ti kógbá sílé, ọ̀kan ti di ńlá, ó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀, ti ìyá òun sì wà bó ṣe wà.

"Fúláwà kan náà ni gbogbo wọn ń rà, mà," ó wí. "Mo ti bi gbogbo èèyàn pé kí ló fà á. Mọ́mì ní orí ni. Dádì ní àdúrà ni. Èmi fẹ́ mọ̀."

N kò tíì gbọ́ irú ìdí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rí. Mo wo àwọn ẹ̀kọ́ tó ń ṣe, mo rí i pé ó ń ṣe sáyẹ́ǹsì, ó sì ń ṣe ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé mọ́ ọn, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ṣì ṣí sílẹ̀ fún un títí di ìgbà tí a óò fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo ní kó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé mo fẹ́ rí wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá jẹ́ ọmọ Èkìtì, apoògùn ni wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n dé lásìkò tí mo dá gan-an, ìyàwó wọn tẹ̀ lé wọn. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Wọ́n to ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń to ìgò oògùn sórí pẹpẹ. Wọ́n ní àwọn kò kórìíra òwò, òwò ìyàwó àwọn ló ran àwọn lọ́wọ́ láti kọ́ ilé, ṣùgbọ́n yunifásítì wà fún ohun tí èèyàn kò lè kọ́ níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn. Òwò ńkọ́?

"Ẹ dárúkọ oníṣòwò kan fún mi ní Dùgbẹ̀," wọ́n wí, "tó kọ́kọ́ lọ jókòó ní yunifásítì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń rà, tí wọ́n ń tà. Ìyá Bùkọ́lá nìyí. Ta ló kọ́ ọ?"

Ìyá Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ohùn mi fẹ́ máa lọ sókè, mo fà á padà. Mo ní n kò mọ oníṣòwò kankan bẹ́ẹ̀, n kò sì lè bá wọn jiyàn lórí ohun tí èmi àti àwọn kò tíì fojú rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo wa jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan, kí a wo ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé rírà àti títà lásán ni, èmi fúnra mi yóò bá Bùkọ́lá kọ iṣẹ́ apoògùn sí fọ́ọ̀mù.

Ẹni tó ń po oògùn mọyì àyẹ̀wò. Wọ́n ní ó dára, àwọn yóò fi ọkọ̀ Pijó àwọn gbé wa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn mú irọ́ mi ni.

Mo ti ní ọ̀nà tí mo ń gbà wo ilé-ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. N kì í kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì, nítorí ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń gbá ilẹ̀ de àlejò. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun ni mo máa ń lọ. Ẹni tí ebi ń pa, tó ti bu ìrẹsì sẹ́nu, kì í ráyè parọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ṣé olùkọ́ wọn ń wá, pé ṣé wọ́n lè yá ìwé nílé ìkàwé tàbí wíwò ni wọ́n ń wò ó, àti pé àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, níbo ni wọ́n wà báyìí. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń sọ òótọ́ jù.

A kọ́kọ́ lọ sí pólì kan tó wà lápá Àpẹ́tẹ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn ọmọ náà sọ fún wa pé lẹ́yìn apá kìíní ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gidi kí wọ́n tó padà wá ṣe ìyókù, wọ́n sì mọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó jáde wà. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá gbà pé ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ tí sáyẹ́ǹsì rẹ̀ dára tó báyìí, yunifásítì ni. Ìyá Bùkọ́lá ní, "Ó sún mọ́lé." Ìyẹn nìkan ló sọ lọ́jọ́ yẹn.

Yunifásítì tí a lọ tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ni wọ́n ní. Olùkọ́ tó gbà wá lálejò kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó ní bí Bùkọ́lá bá fẹ́ mọ bí owó orílẹ̀-èdè ṣe ń rìn, ibẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bí ilé iṣẹ́ kan ṣe ń là, tí òmíràn ń kú, kó wá a lọ síbòmíràn. Inú Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá dùn gan-an nígbà tí à ń bọ̀. Wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún gbogbo wa lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta wà ní ìlú kan lápá gúúsù, àdúgbò Challenge ni a gbà lọ. Yunifásítì tí kò tíì dàgbà ni. Koríko pọ̀ níbẹ̀ ju kíláàsì lọ. Mo ti ń rí i lójú Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá pé ó tó, ká máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń jẹun níbẹ̀ sọ fún wa pé olùkọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ pa kíláàsì rẹ̀ jẹ, pé ó ti fẹ́ wọlé báyìí. A lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká jókòó sẹ́yìn. Ọkùnrin kúkurú kan ni, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó ní kò burú, bí a kò bá ti ní sùn.

Kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó ní kí àwọn ọmọ náà fojú inú wo ọkùnrin kan tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn. Epo wá wọ́n, bọ́ọ̀sì ń tò nílé epo láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ni kí ọkùnrin náà ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kó fi kún owó ọkọ̀. Olùkọ́ bi í pé àwọn èrò tí apá wọn kò ní ká a ńkọ́. Òmíràn ní kó gbé bọ́ọ̀sì kan kalẹ̀. Olùkọ́ ní awakọ̀ tó ń wà á ńkọ́, ṣé yóò jókòó sílé dè é ni? Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ló ń bi wọ́n. Kò bínú, kò sì yin ẹnikẹ́ni. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Bùkọ́lá ti nawọ́ sókè. Ó ní kí ọkùnrin náà ta bọ́ọ̀sì kan, kó fi owó rẹ̀ tún méjì tó kù ṣe.

"Ta ni yóò ra bọ́ọ̀sì nígbà tí kò sí epo?" olùkọ́ bi í.

Bùkọ́lá rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ tó máa ń mọ ìdáhùn ní gbogbo kíláàsì wa ni, kò sì mọ èyí, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lẹ́bùn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan lápá ọ̀tún mi. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ni. Wọ́n ti dìde dúró. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà lọ bá àwọn ilé-ìwé tó wà nítòsí, kó máa bá wọn gbé ọmọ lọ, kó máa gbé wọn bọ̀. Ọ̀nà kò jìn, epo díẹ̀ ni yóò jó, owó oṣooṣù á sì dájú. Olùkọ́ ronú sí i. Ó ní, "Bàbá, bí ilé-ìwé bá wá gba ìsinmi ńkọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í gba ìsinmi. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó. Nígbà tí kíláàsì parí, àwọn àti olùkọ́ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pín bọ́ọ̀sì fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Bùkọ́lá ní tirẹ̀ ti rọra jáde. Ibi tí àwọn ọmọbìnrin ń gbé ni mo ti rí i, ó ń fọwọ́ tẹ mátírẹ́ẹ̀sì kan wò. Ó bi ọmọ tó ni ibùsùn náà pé ìgbà wo ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn máa ń ṣí lọ sí Ìbàdàn. Mo rò pé ìbéèrè tí ìyá kọ̀ọ̀kan máa ń béèrè náà ni.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ti ń sún mọ́ Challenge. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ló kọ́kọ́ lanu.

"Olùkọ́ yẹn kò sọ ìdáhùn fún wa o."

"Bóyá kò ní in, Dádì," Bùkọ́lá dáhùn láti ẹ̀yìn.

Wọ́n wakọ̀ lọ díẹ̀. "Nínú oògùn, ìdáhùn máa ń wà," wọ́n wí. "Èèyàn kàn lè má mọ̀ ọ́n ni. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀gá gan-an ṣì ń wá a."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùkọ́lá sáré wọ ọ́fíìsì mi pé bàbá òun ti gbà, pé lẹ́yìn àdúrà ìdílé ni wọ́n sọ ọ́. Ó fẹ́ kọ yunifásítì olùkọ́ kúkurú yẹn sí ipò kìíní. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Mo gba ilé Màmá Akínbọ̀dé lọ ní Sátidé, mo ròyìn gbogbo rẹ̀, títí dórí bọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ìyá ọmọ ńkọ́? Kí ni òun wí?"

Mo wá ohun tí ìyá ọmọ wí. N kò rí nǹkan kan àfi "Ó sún mọ́lé."

N kò tíì rójú ránṣẹ́ sí Ìyá Bùkọ́lá tí òun fúnra rẹ̀ fi dé. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan ni, òun nìkan ló wá. Ọjọ́ orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó jókòó bí ọmọ tí olùkọ́ lé jáde ní kíláàsì. Ó ní ọkọ òun ti gbà, òun ni òun kò gbà. Àwọn ọmọ òun ọkùnrin méjì ti lọ, ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Àbújá. Bùkọ́lá ló kù. Mo ní ṣé nítorí iṣẹ́ búrẹ́dì ni, pé bóyá ó lè gba òṣìṣẹ́ kan sí i.

"Mo ní òṣìṣẹ́, Àǹtí," ó wí. "Kì í ṣe iṣẹ́. Bí mo bá ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò, òun ló máa ń dúró tì mí tí a jọ ń sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pè mí ní Mà."

Ohun tó fẹ́ ni pé kí n bá òun sọ fún Bùkọ́lá pé pólì Àpẹ́tẹ́ ló dára jù. Ó ní ọmọ náà gbà mí gbọ́, bí mo bá sọ ọ́, yóò yẹ̀ sí i. Kò purọ́, yóò yẹ̀ sí i. Àti pé kò sí ohun tó ṣe pólì náà, mo ti sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Ó wù mí kí n ràn án lọ́wọ́, nítorí mo rí i pé dídé tó dé ọ̀dọ̀ mi ti ná an ní nǹkan. Mo wá sọ fún un pé bí Bùkọ́lá bá yan pólì náà fúnra rẹ̀, inú mi yóò dùn, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn òun. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo ní kò yẹ kó gba ẹnu ẹlòmíràn. Mo bi í pé ṣé kí n pe ọmọ náà wá. Ó fọwọ́ ra etí gèlè rẹ̀ títí, ó ní kí n pè é.

Bùkọ́lá wọlé, ó rí ìyá rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Ó rò pé ẹnì kan kú ni. Mo fẹ́ jáde fún wọn, Ìyá Bùkọ́lá ní kí n jókòó.

"N kò fẹ́ kó o lọ jìnnà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Bùkọ́lá wò ó. Ó ní, "Mo rò pé kò dùn yín, Mọ́mì. Ẹ kò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ yìí." Ó wá ní, "Bí ẹ bá ní kí n dúró, màá dúró. Ẹ sọ ọ́."

"Ìdí tí n kò fi fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Mo ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóde. Ìyá Bùkọ́lá na ọwọ́, ó tún kọ́là aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n kí n sáà ti sọ ọ́ fún ọ." Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń wá áńkáṣíìfù mi nínú dúróò.

Wọ́n gbà á wọlé lọ́dún yẹn. Ilé mi kò jìnnà sí Challenge, mo sì lọ kí wọn ní gáréèjì lọ́jọ́ tó ń lọ. Bàbá rẹ̀ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ gígùn lórí iye epo tó ń jó àti iye owó tó ń wọlé fún un, awakọ̀ náà rò pé òṣìṣẹ́ owó orí ni wọ́n. Ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó ní òun ti sun tòun ní ọ́fíìsì mi.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀ ni pé Bùkọ́lá kò tíì lo sáà méjì tán tí àwọn olùkọ́ yunifásítì fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn wálé. Bàbá rẹ̀ ń bínú, wọ́n ń ka ìròyìn lójoojúmọ́. Mo pàdé Ìyá Bùkọ́lá ní Ring Road lákòókò náà, ó ní òun mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò dára, òun sì ń gbàdúrà kó parí, ṣùgbọ́n òun kì í gbàdúrà náà kíkankíkan.

Ọmọ náà kò jókòó lásán. Ó ń tẹ̀ lé àwọn tó ń pín búrẹ́dì ìyá rẹ̀ kiri, ó ń bi àwọn oníbàárà léèrè. Ó rí i pé ìrọ̀lẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Agbowó máa ń ra búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ìdájí ni ti ìyá rẹ̀ máa ń jáde. Ó ní kí wọ́n máa dáná ààrò lọ́sàn-án pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó rà á, nítorí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé búrẹ́dì gbígbóná ti wà nírọ̀lẹ́. Búrẹ́dì ni ìdílé Dáramọ́lá fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lọ́sẹ̀ náà. Ìyá àti ọmọ bá ara wọn jà lórí rẹ̀ dáadáa, wọ́n tún parí rẹ̀, wọ́n rán ẹnì kan lọ máa polówó ní Agbowó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Kò sọ wọ́n di ọlọ́kọ̀ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Bùkọ́lá pé ṣé ó ti wá mọ ohun tó jẹ́ kí ilé búrẹ́dì kejì di ńlá, ó ní ìdí mẹ́ta ló ti rò, kò sì tíì sí èyí tó dá òun lójú.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà jẹ́ kó pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n ó jáde dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ní Ìbàdàn níbí ló gbà á. Bàbá rẹ̀ wá di ẹni tó ń mú àwọn òbí mìíràn wá bá mi láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá á jókòó tì wọ́n, wọn á máa bá mi ṣàlàyé fún àwọn òbí náà pé ẹ̀kọ́ òwò kì í ṣe ọ̀rọ̀ rírà àti títà. Nígbà mìíràn, n kì í ráyè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, ó kan èmi náà. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, Túnjí, ń jáde ní ilé-ìwé kan nítòsí Challenge, ó ní ẹ̀kọ́ òwò lòun fẹ́ kọ́, yunifásítì kan lókè Ọya lòun sì fẹ́ lọ. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé wọn ni Ṣadé, ọ̀dọ́bìnrin tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀ kó tó gba iṣẹ́ níbẹ̀. Mo lọ bá a. Mo sọ fún un pé n kò ní nǹkan kan lòdì sí ẹ̀kọ́ náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ mú ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sọ̀rọ̀ nípa ilé ìkàwé wọn, mo sọ̀rọ̀ nípa iye olùkọ́ wọn, mo ní kò sí ẹni tó mọ ibi tí àwọn tó jáde níbẹ̀ wà. Mo dárúkọ àwọn tó sàn jù ú lọ tó wà nítòsí. Mo sọ ọ́ dáadáa. Kò sí olùdámọ̀ràn tó lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣadé kò já mi lẹ́nu títí mo fi parí. Ó wá rọra bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, "Mà, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ẹ kò fẹ́, àbí ẹ kò fẹ́ kí ó lọ?"

Mo wo ojú ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Inú mi dùn sí i débi pé mo fẹ́ gbàgbé pé èmi ni ó ń bi. Mo ní kó lọ bá mi pe Túnjí wá.